Ẹ sọ tiyín: kí lẹ kà tàbí kí lẹ gbọ́ tó gbé yín dìde?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Gààrí ni mò ń yan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti lé ní ogún ọdún. Ní ìdúnta, mo yá owó alájẹṣẹ́kù, mo ra ẹ̀gẹ́ rẹpẹtẹ, mo yan án di àpò mẹ́rìnlá, ó di ọ̀nà Èkó. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, awakọ̀ ò bo ẹrù, òjò sì pa á mọ́jú. Ìgbà tí mo tú àpò àkọ́kọ́, gààrí ti dì gbagidi bí ẹ̀bà àná, ó ti ń bu.

Mo délé, mo dùbúlẹ̀. Agbada ò gbóná fún oṣù méjì. Bí akọ̀wé alájẹṣẹ́kù bá pè, màá ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Àbúrò mi wá ń fi fídíò ránṣẹ́, ti àwọn tó ń pariwo pé "Dìde! Olówó ni ẹ́!" Ẹ má bínú o, àárẹ̀ ni wọ́n fi kún àárẹ̀ mi. Ẹni tí ò tíì wẹ̀ látàná, ẹ̀ ń bá a sọ ti mílíọ̀nù.

Ọmọ mi ló mú ìwé tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ nípa ara rẹ̀ wálé, èyí tó jáde ní 1960. Òyìnbó ni, torí náà bó bá ka díẹ̀ lálẹ́, á túmọ̀ rẹ̀ fún mi, òun náà á sì máa tòògbé. Èmi, fìlà àti dígí ojú ni mo mọ Awólọ́wọ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kú ní 1920, nígbà tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó wá ń ṣẹ́ igi tà kó lè rówó iléèwé san. Igi ìdáná! Irú èyí tí mò ń kó sábẹ́ agbada. Mo ní kó tún ibẹ̀ kà.

Ibi tó mú mi jókòó ni ibi òwò. Ó ra kòkó, ó ṣe ti ọkọ̀ ẹrù, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò fi pamọ́. Ẹni yìí náà ló lọ Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Owó ò tíì dé ọwọ́ mi o, ìtìjú ló kọ́kọ́ kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo pe akọ̀wé. Ẹnu mi gbẹ. A pín owó náà sí oṣooṣù. Mo hú ẹ̀gẹ́ tó kù lóko, mo rin ín, mo jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́rin, bí tiwa ṣe máa ń kan, mo dáná. Ibi òṣèlú inú ìwé yẹn, mo ní kó fò ó.

*Láti Ìjẹ̀bú-Igbó:* Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Awakọ̀ lèmi náà, àmọ́ mo máa ń bo ẹrù o! Nígbà tí ìyàwó mi ṣaláìsí, bí mo bá gbọ́ orin ìjọ, ẹkún ni. Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ará ilé wa tó kú ní 1983, ni mò ń gbọ́ nínú ọkọ̀. Agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn kì í kánjú, wọn ò ní kí n dìde, wọn ò ní kí n jókòó. Lóṣù kẹta ni mo ṣàdédé rí i pé ìka mi ń lu sítíárín.

*Láti Ìlíṣàn:* Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Olùkọ́ ni mí, ìwé kún ilé mi, síbẹ̀ ojú ewé kan ṣoṣo ni mo wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò wọlé. Dókítà ni mo lọ rí. Oorun ló kọ́kọ́ padà, ìwé tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń kà tí kò wọlé, kó má bá ara rẹ̀ jà.

*Láti Ṣàgámù:* Màmá onígààrí, ṣé ẹ ti san án tán?

Ó ku oṣù mẹ́rin. Ọmọ yẹn ti mú ìwé mìíràn dé, ṣùgbọ́n ó ní òun ò túmọ̀ mọ́, àfi tí mo bá ń fi ẹja sí gààrí tí òun ń mu.