Àwọn olùwádìí fẹ́ gba ìgbẹ́ adìẹ mi àti ti àwọn òṣìṣẹ́ mi. Kí n gbà àbí kí n má gbà?

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ẹ̀gbẹ́dá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará oko. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí àkúrun adìẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Ajé, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀.

Adìẹ tó ń yé ni mo ń sìn, inú kéèjì ni wọ́n wà, wọ́n lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá bá mi láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Dókítà tó ń wo ènìyàn wà nínú wọn, dókítà ẹran wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù náà bá wọn wá. Wọ́n ní àwọn ń ṣèwádìí kòkòrò àìsàn tí oògùn ò ràn mọ́, pé àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó wà nínú adìẹ náà ló wà nínú àwa tí à ń tọ́jú wọn, tó sì tún wà nínú omi àti ilẹ̀ oko. Wọ́n fẹ́ ki òwú bọ ihò ìdí adìẹ mélòó kan, wọ́n fẹ́ bu omi kànga, wọ́n fẹ́ gba ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ àti tèmi alára. Gbogbo oògùn tí mo ti lò láti ìgbà tí àwọn adìẹ yìí ti dé ni wọ́n fẹ́ kọ sílẹ̀.

Wọ́n kí wa dáadáa, wọn ò fi ìwé gún wa lójú. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá rí kòkòrò burúkú ńkọ́, ṣé wọn ò ní lọ fẹjọ́ mi sùn? Bí àwọn tó ń gba ẹyin lọ́wọ́ mi ní Bódìjà bá gbọ́ pé wọ́n wá yẹ adìẹ mi wò, ṣé wọ́n á tún fẹ́ gbé kíréètì kan? Ọ̀gbẹ́ni tó ń bu oúnjẹ fún wọn sì ti búra pé ìgbẹ́ òun kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí òun ò mọ bàbá rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ń rò.

Oògùn tí mò ń lò kò ṣe àjèjì sí yín. Bí wọ́n bá ń sín, enrofloxacin nínú omi. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, oxytetracycline tó ní fítámì nínú. Ẹni tó ń tà á ló ń júwe bí màá ṣe lò ó.

Ọṣẹ àti omi ìfọwọ́ ni wọ́n ní àwọn máa fi dúpẹ́.

Bàbá Agbẹ̀, Mọ́níyà

Má gbà. Irú wọn wá bá mi nígbà kan rí. Wọ́n gba ìgbẹ́, wọ́n gba omi, wọ́n ya èmi àti adìẹ ní fọ́tò, wọ́n ní èsì ń bọ̀. Èsì ọ̀hún ṣì wà lọ́nà títí dòní. Ẹnì kan á ti fi gba oyè, èmi tí mo ni adìẹ ò mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá fẹ́ ṣèwádìí, kí wọ́n sin adìẹ tiwọn.

Ọmọ Broiler

Bàbá ti parí ẹ̀ 😂. Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé wọ́n ń ra ìgbẹ́ adìẹ náà ni? Mo ní àpò tó pọ̀ lẹ́yìn ilé.

Dókítà Ẹran, Akínyẹlé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Dókítà ẹran ni mí, mi ò sí lára àwọn tó wá bá yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn. Olùwádìí kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe NAFDAC. Orúkọ oko yín kò gbọdọ̀ hàn nínú ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde, nọ́ńbà ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ẹ má gba ti ẹnu lásán. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìyọ̀ǹda hàn yín, ìwé méjì sì ni o. Èyí tó jẹ mọ́ ènìyàn ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, èyí tó jẹ mọ́ ẹranko ní tirẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ UI/UCH ló ń rí sí ti ènìyàn, ACUREC ló ń rí sí ti ẹranko. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn náà yóò ní tiwọn. Ẹni tó bá mú ìwé adìẹ nìkan wá kò láṣẹ láti gba ìgbẹ́ ọmọ ènìyàn.

Èkejì, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa mú adìẹ tó ń yé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa ki òwú bọ̀ ọ́ nídìí. Ìpayà lè jẹ́ kí ẹyin wálẹ̀. Ìgbẹ́ tútù tó bọ́ sábẹ́ kéèjì tó fún ọ̀pọ̀ irú ìwádìí yìí. Bí wọ́n bá ní kò tó, kí wọ́n ṣàlàyé ìdí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí oògùn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí wọn ti kàn yín, mà. Enrofloxacin yẹn, bó bá ti wọ ara adìẹ, apá kan rẹ̀ á di ciprofloxacin. Cipro tí àwa náà ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì nìyẹn. Ìdílé kan ni oògùn méjèèjì, kòkòrò tó bá ti mọ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Amẹ́ríkà ti fòfin de enrofloxacin fún adìẹ láti 2005. Ẹ tún wo ìwé pélébé tó wà nínú páálí rẹ̀: lórí ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a má lò ó fún adìẹ tí ènìyàn yóò jẹ ẹyin rẹ̀. Ẹni tó ń tà á kì í ka ibẹ̀ sí yín létí.

Àti pé kí ló ń jẹ́ kí wọ́n sín? Bó bá jẹ́ àìsàn Newcastle tàbí infectious bronchitis ni, fáírọ́ọ̀sì ni, kò sí antibáyótíìkì bíi enrofloxacin yẹn tó ràn án. Àjẹsára ló wà fún un. Bí adìẹ bá wá yè é, oògùn la máa ń gbé oríyìn fún.

Bàbá Agbẹ̀, Mọ́níyà

Dókítà, ọ̀rọ̀ yín dùn, owó ńkọ́? Kí n tó gbé òkú adìẹ lọ sí lábù, kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí èsì tó jáde, àádọ́ta ti kú. Sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn kan ò tó owó ọkọ̀ tí màá fi lọ sí Bódìjà. Ẹ̀yin ará ìlú ẹ̀ ń dá àwa àgbẹ̀ lẹ́bi, àwọn ilé ìwòsàn tó ń kọ antibáyótíìkì fún ibà lásán ńkọ́, ta ló ń bi wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé

Bàbá, ẹ ò jayò pa. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì fara mọ́ ohun tí ẹ sọ. Ẹni tí ibà bá mú ladúgbò, wọ́n á kó kápúsù tẹ́tírà mẹ́rin fún un, ara á yá díẹ̀, á sọ ìyókù sínú dúrọ́ọ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa wá ènìyàn àti ẹran pọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má lè na ìka sí ẹnì kejì. Látijọ́, dókítà ènìyàn á wo tirẹ̀, ti ẹran á wo tirẹ̀, wọn kì í jọ jókòó. Nígbà tí Nàìjíríà ṣe ètò àpapọ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2017, ti ìlera, ti àgbẹ̀ àti ti àyíká ni wọ́n pè jọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ tuntun, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ gbóná tàbí kó tutù jù, kò mú ọmú. A ó fún un ní oògùn àkọ́kọ́, kò ràn. Ti èkejì, kò ràn. Èsì ẹ̀jẹ̀ á dé pé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Klebsiella ni, oògùn tí yóò ràn án ò sì sí nínú ilé oògùn wa, àwọn òbí á máa sáré kiri ìgboro láti rà á. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé e jáde ní 2022 pé kòkòrò tí oògùn ò ràn ló fa ikú ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 gan-an ní 2019 lágbàáyé, pé apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí yìí ló sì burú jù tí wọ́n bá fi iye ènìyàn ibẹ̀ pín in. Mi ò ní adìẹ yín ló fà á o. Mo ní kí a mọ ibi tó ti ń wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ará Ẹ̀gbẹ́dá, nípa òṣìṣẹ́ yín: ìgbẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹ ò lè bá a fọwọ́ sí i, wọn ò sì gbọdọ̀ gbà á lójú yín. Kí àwọn olùwádìí bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, ní Yorùbá, kí wọ́n sọ fún un pé nọ́ńbà ni wọ́n máa kọ sára ike náà. Bó bá kọ̀, ó parí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá a lọ. Ẹ sọ ìyẹn fún un níwájú wọn.

Tolú Lábù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgbẹ́ náà, bóyá ọkàn ọ̀gbẹ́ni yẹn á balẹ̀. Inú kúlà oníyìnyín ló máa bá dé ọ̀dọ̀ wa. A ó wá kòkòrò E. coli nínú rẹ̀, torí pé ó wà nínú ìfun adìẹ àti ènìyàn, ó sì rọrùn láti fi tiwọn wéra. A ó fi òwú kùn ún sórí àwo pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, ó dì bí ẹ̀kọ tútù. A ó wá to pépà róbótó kéékèèké lé e lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mu oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, níbi tí oògùn ti ràn, òrùka kan á mọ́ gaara yí pépà ká. Níbi tí kò bá ti ràn, kòkòrò á hù dé etí pépà, ẹ ò ní rí òrùka kankan. A ó fi rúlà wọn òrùka yẹn, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, iná gbígbóná la fi ń pa ìgbẹ́ tó kù àti àwọn àwo náà run, kò sẹ́ni tó ń gbé ìgbẹ́ lọ ilé.

Bàbá Mọ́níyà, òrùka yẹn gan-an ni èsì tó yẹ kí wọ́n ti mú wá fún yín. Oògùn wo ló ṣì ń ràn lóko yín, èwo ni ẹ ń fi owó yín da sómi lásán? Ohun tí àgbẹ̀ ń náwó wá nìyẹn, ọ̀fẹ́ ló sì yẹ kó jẹ́ fún yín.

Ohun kan tó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kòkòrò kan lè kó ohun tó fi ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn fún kòkòrò mìíràn tí kì í ṣe irú rẹ̀. Ní 2015 ni àwọn ará Ṣáínà kéde pé àwọn rí irú ẹ̀ kan tó ń sọ colistin di omi lásán, lára ẹlẹ́dẹ̀, lára ẹran tútù lọ́jà, àti lára àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Colistin yìí wà lára oògùn tí dókítà ń fi pamọ́ títí gbogbo ìyókù á fi kọ̀. Ní 2017, wọ́n fòfin de pípò ó mọ́ oúnjẹ ẹran níbẹ̀. Ẹ yẹ sáṣẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ní lóko wò.

Alhájà Kíréètì, Bódìjà

Mo ń tà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí n bá Ìyá Ẹlẹ́yin sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Oníbàárà ò bèèrè ìwádìí lọ́wọ́ mi rí. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni iye owó, bó tóbi, bó ti sán. Àmọ́ àwọn onílé oúnjẹ ńlá ti ń bèèrè báyìí bóyá adìẹ ń gba oògùn. Èmi á fẹ́ràn ẹni tó lè dá mi lóhùn.

Dókítà Ẹran, Akínyẹlé

Ẹ ṣeun, Alhájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da méjì pọ̀. Oògùn tó kù sínú ẹyin, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn, iye ọjọ́ tí a fi dúró kí a tó ta ẹyin ló ń yanjú ẹ̀. Kòkòrò tí oògùn ò ràn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ó lè wà lóko tí ẹyin rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹyin tó bá jinná dáadáa kò ní fi kòkòrò ran ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tó kó ìgbẹ́ ló ń gbé e kiri.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ẹ̀gbẹ́dá

Ẹ ṣé gan-an. Bàbá, mi ò kọ ọ̀rọ̀ yín dànù, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n mọ ohun tí màá bèèrè. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó fọwọ́ sí i pé èsì oògùn oko mi yóò dé ọwọ́ mi, ní èdè tí mo gbọ́, kí wọ́n sì dárúkọ oṣù tó máa dé. Èsì ìgbẹ́ tiwa náà, ti adìẹ nìkan kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kó ìgbẹ́ wa lọ òkè òkun ńkọ́? Ṣé ti adìẹ mi náà lè lọ?

Tolú Lábù

Wọ́n lè kó o lọ, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ o. Fún ti ènìyàn, òfin ìwádìí ìlera Nàìjíríà béèrè ìwé àdéhùn kí ó tó jáde. Fún ti adìẹ, ẹ ní kí wọ́n kọ ibi tó ń lọ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe sínú ìwé yín. Kò sì pọn dandan kó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Oògùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ń ka àbùdá irú kòkòrò yìí nílùú yìí, kò dìgbà tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bi wọ́n pé lábù wo ni.

Bàbá Agbẹ̀, Mọ́níyà

Tí wọ́n bá kọ oṣù sínú ìwé, kí wọ́n wá bá mi náà. N óò gba ìwé kí n tó ṣí géètì.

Dókítà Ẹran, Akínyẹlé

Bàbá, a á sọ fún wọn 😀. Ìyá Ẹlẹ́yin, ó ku ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n pé oko mélòó ni wọ́n ti yà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu géètì, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀tì tí ẹ fọ̀ pẹ̀lú oògùn ìfọlé tàbí kí wọ́n wọ ọ̀rá tuntun bọ ẹsẹ̀, kúlà wọn kò sì gbọdọ̀ wọ inú ilé adìẹ. Bí wọ́n bá bínú sí ìyẹn, ẹ lé wọn padà.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ẹ̀gbẹ́dá

Bọ́ọ̀tì méjì ni mo ní, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n. Dókítà ènìyàn á dúró síta.