Ṣé "ìdùnnú" ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àwọn ìbéèrè ìwádìí kan, lórí bí ayé ṣe rí lára ènìyàn, sí Yorùbá dá a lábàá pé kí a lo "ìdùnnú" níbi gbogbo, níwọ̀n bí a ti ń pe ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní 2012, ní Ọjọ́ Ìdùnnú. Ti ọjọ́ yẹn kò burú. Èyí tí n kò fara mọ́ ni ìbéèrè tó ní kí ènìyàn fi ayé rẹ̀ wé àkàbà, kí ó sọ ibi tí òun dúró sí láti 0 dé 10.

Ìdùnnú kì í ṣàdédé wá. Inú a máa dùn sí nǹkan ni, bí ọmọ tuntun tàbí ọjà tó tà wàràwàrà. Ayọ̀ tilẹ̀ tún jẹ́ ohun ojútáyé ju ìyẹn lọ, ọ̀tá pàápàá a sì máa yọ̀ni. Ní ti àlàáfíà tí a yá lọ́wọ́ Lárúbáwá, ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ ní Ìlọrin níbí yóò ṣì dáhùn pé "àlàáfíà ni" kí ó tó sọ ohun tó ń ṣe é.

Ní 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan fò kọjá 500 náírà, mo bi ìyá oníwàrà kan ní Ọjà Ọba pé, "Ìyá, ṣé inú yín dùn báyìí?" Ó ń fi ìgbakọ bu wàrà láti inú omi rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Inú ta ni yóò dùn nígbà tí ìlú ò fararọ? Ṣùgbọ́n ara le, Alihamudulilahi."

Ẹ wo bí ó ti pín in: inú lọ́tọ̀, ìlú lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Nínú "kò fararọ" tí gbogbo wa fi ń ṣàpèjúwe àkókò ìnira ni mo ti rí "ìfararọ", tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò fún ìbéèrè àkàbà náà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní ìlú àti ọ̀rọ̀ ni í fararọ, kì í ṣe ènìyàn kan ṣoṣo. Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí a bá béèrè níbí pé "ìfararọ yín ti tó mélòó?", ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò kọ́kọ́ bi wá pé ìfararọ ti ilé ni àbí ti ìlú.