Ọmọ mi ní òun máa gbá bọ́ọ̀lù nínú Kòrónà yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí, Houston (16 oṣù kẹjọ, 2020)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti di alẹ́ ọjọ́ kẹrin tí mi ò rí oorun sùn.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọmọ ogún ọdún. Yunifásítì kan níbí ní Texas ló wà, bọ́ọ̀lù ló sì gbé e débẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá o. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n ń kàn bí àgbò, ni mò ń wí. Iwájú pátápátá ló máa ń dúró sí, láàárín àwọn tó ń forí gbárí pẹ̀lú ẹni tó kọjú sí wọn ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀. Ọmọ náà wọn 290 pọ́n-ùn. Sìkọ́láṣíìpù ló ń sanwó iléèwé rẹ̀, yàrá rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Big Ten àti Pac-12, méjì nínú àwọn líìgì ńlá tí àwọn yunifásítì ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, kéde pé àwọn ò ní gbá bọ́ọ̀lù ní sáà yìí nítorí ìlera àwọn ọmọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Big 12, líìgì tí iléèwé ọmọ mi wà, ní àwọn máa gbá a. Ibi tí orí mi ti dàrú nìyẹn. Àrùn kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà ni, dókítà ló gba àwọn méjèèjì nímọ̀ràn.

Iléèwé ní kí kálukú sọ ìpinnu rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti pa á láṣẹ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe, wọn ò gbọ́dọ̀ gba sìkọ́láṣíìpù rẹ̀. Ọmọ mi ní òun máa ṣe.

AS ni ọmọ yìí. Bàbá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Màmá mi, ẹni ọdún 74, wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Oṣù kejì ni wọ́n wá kí wa láti Abẹ́òkúta, kí wọ́n tó padà, Nàìjíríà ti ti pápákọ̀ òfurufú. Wákàtí méjì ni iléèwé ọmọ náà sí wa, gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń wálé wá kó aṣọ ìdánrawò fún mi fọ̀. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ìbòmú nímú, báàgì aṣọ lọ́wọ́. Màmá mi na ọwọ́ méjèèjì sí i. Kò mọ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ lórí kọnkéré, ó dìde, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó padà sínú mọ́tò. Mo wọ yàrá lọ sunkún.

Ṣé kí n ní kó má ṣe é? Ṣé mo tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ogún ọdún?

Bàbá Dallas (16 oṣù kẹjọ)

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú ìdààmú. Mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Tó bá jókòó, ṣé kò ní lọ sílé ọ̀rẹ́? Ṣé kò ní lọ síbi àríyá? Nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, dókítà wà nítòsí, oúnjẹ gidi wà. Trevor Lawrence, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí fún yunifásítì Clemson, sọ irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé tí wọ́n bá lé àwọn padà sílé, ewu tó wà níbẹ̀ lè ju ti pápá lọ. Bọ́ọ̀lù yìí ni àkàsọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún yìí, ẹlòmíì á gun ún.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Baltimore (17 oṣù kẹjọ)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọkàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí ni. Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Dallas, òótọ́ sì wà nínú ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kòrónà kì í sábà pa ọmọ ogún ọdún. Ọkàn ni àwọn dókítà ń bẹ̀rù. Àrùn yìí lè mú kí iṣan ọkàn wú, òun ni wọ́n ń pè ní myocarditis. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé lè ní i kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ ń ti èèyàn 300 pọ́n-ùn sẹ́yìn, lílù ọkàn rẹ̀ lè dàrú lójijì, kó sì dá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí eléré ìdárayá tó bá ní i sinmi fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Eduardo Rodriguez tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Red Sox, ẹgbẹ́ baseball kan ní Boston, ẹni ọdún 27, kó Kòrónà, ara rẹ̀ yá, wọ́n wá yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n bá a níbẹ̀. Kò ní ṣeré mọ́ lọ́dún yìí.

Ẹ máa gbọ́ nípa ìwádìí kan tó jáde ní Jámánì lóṣù tó kọjá: nínú 100 èèyàn tí àrùn náà ti lọ lára wọn, àwòrán ọkàn 78 kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dá jìnnìjìnnì bò yín. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún tàbí kọjá a, wọn kì í sì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. A ò lè fi wọ́n díwọ̀n ọmọ yín.

Ti AS yẹn ni kí ẹ fetí sí dáadáa. AS kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó jẹ́ AS bá ń ṣe wàhálà tó kọjá agbára nínú oòrùn, tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ bíi dòjé, kó dí ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀, kí iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọmọ ọdún 19 kan ní yunifásítì Rice, ní Houston yín níbẹ̀, ṣubú níbi ìdánrawò ní 2006, ó sì kú. Ikú rẹ̀ ló mú kí NCAA wá sọ àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù yìí di dandan fún àwọn ẹgbẹ́ ìpele kìíní láti 2010. Ẹ wá wo ọmọ tí ibà ti gba omi ara rẹ̀, tó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n wá ní kó sá eré àsápajúdé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí dókítà ẹgbẹ́ náà, kó fi ìwé dá yín lóhùn. Tó bá kó o, àyẹ̀wò ọkàn wo ni wọ́n máa ṣe kó tó padà sórí pápá? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀, ṣé wọ́n ń yẹ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá díje náà wò? Ta ló ń sọ pé ó yá, ṣé dókítà ni àbí kóòṣì? Ṣé àwọn tó ń darí eré ìmárale wọn mọ̀ pé AS ni, tó fi jẹ́ pé tó bá ní òun fẹ́ mu omi, wọn ò ní jágbe mọ́ ọn?

Ohun kékeré kan kù. Ẹ fún un ní róòbù kan. Láràárọ̀, kó ṣí i kó gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe àyẹ̀wò o, kò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò. Àmọ́ tí imú bá ṣàdédé kú, kó má dé pápá lọ́jọ́ náà.

Agbábọ́ọ̀lù Àná, Minneapolis (17 oṣù kẹjọ)

Mummy, ẹ kú ilé mà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì, mo parí ní 2016. Ohun tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ dára gan-an, àmọ́ ohun kan wà tí dókítà kò lè kọ sínú ìwé fún yín.

Àwa agbábọ́ọ̀lù máa ń fi ara pamọ́. Wọ́n máa ń lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá ìmúra, orúkọ ẹni kìíní lókè, ti ẹnì kejì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sinmi ọjọ́ méjì lè padà bá orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ọdún kẹta mi, ìka mi kán. Mo fi téèpù wé e mọ́ ìkejì rẹ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́ lé e, mo gbá bọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Títí di òní, ìka náà ò nà tán. Tó bá jẹ́ ibà ló mú mi nígbà yẹn, màá gbé paracetamol mì, màá sì dákẹ́.

Ẹ má bi í pé ṣé ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ti mọ ìdáhùn ìyẹn. Ẹ bi í pé: tí ara rẹ bá gbóná ní alẹ́ Friday, ta ni o máa kọ́kọ́ sọ fún? Kí ẹ máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, London (18 oṣù kẹjọ)

Àwọn Premier League padà sórí pápá níbí ní oṣù kẹfà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tó ń gbèjà wọn. Ọmọ yín ò gba kọ́bọ̀ lórí bọ́ọ̀lù tí iléèwé ń fi pa mílíọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ìyá Ìbejì, Atlanta (22 oṣù kẹjọ)

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Tèmi ti yọ ara rẹ̀ kúrò láti ìparí oṣù keje. Ohun tí Caleb Farley, agbábọ́ọ̀lù yunifásítì Virginia Tech, sọ ló wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ yẹn ní àrùn jẹjẹrẹ ti gba ìyá òun, òun ò lè fi bàbá òun wewu. Ọmọ mi kà á sí mi létí, ó ní, "Mummy, èmi náà ò ṣe mọ́."

Mo dúpẹ́, mo jó. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ọmọ náà ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń wo fídíò ìdánrawò àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù títí di aago méjì òru. Wọn ò bú u, ṣùgbọ́n wọn ò pè é mọ́. Inú ìsinmi kọ́ ló wà. Tí tiyín bá dúró, ẹ múra sílẹ̀ láti gbé e ró.

Ẹ tún gbọ́: lánàá, NCAA ní ọdún yìí ò ní dín iye ọdún tí ẹnikẹ́ni lè fi gbá bọ́ọ̀lù kù, yálà ó ṣeré tàbí kò ṣe. Tó bá jókòó, ọdún náà ṣì wà nílẹ̀ fún un.

Ìyá Àkọ́bí (24 oṣù kẹjọ)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Mo bi í ní ìbéèrè Agbábọ́ọ̀lù Àná lánàá, lórí fídíò. Ó dákẹ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá ní, "Mi ò mọ̀, Mummy." Bàbá rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn mi bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ò mọ̀, àwa ńkọ́?" Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ tèmi, kó dúró, ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà. Ó ní òun gbọ́. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí dókítà wọn.

Bàbá Dallas (17 oṣù kẹsàn-án)

Ìyá Àkọ́bí, a ò gbúròó yín. Ẹ rí i pé Big Ten náà ti yí ọ̀rọ̀ padà lánàá, wọ́n ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (17 oṣù kẹsàn-án)

Bàbá, ẹ wo ohun tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn, sà. Àyẹ̀wò ojoojúmọ́ ni, ẹni tó bá kó o kò sì ní ṣe ìdíje fún ọjọ́ 21 ó kéré tán, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ìwádìí yunifásítì Ohio State tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá wo eléré ìdárayá 26 tó ti kó àrùn náà. Àmì ọkàn wíwú hàn lára mẹ́rin. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ò pọ̀, àmọ́ ọmọ bíi tiwa ni wọ́n.

Ìyá Àkọ́bí (27 oṣù kẹsàn-án)

Ẹ má bínú. Ó ń gbá a.

Dókítà wọn dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tó bá kó o, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á sì ya àwòrán ọkàn rẹ̀ kó tó padà. Dókítà ló ń pàṣẹ, kì í ṣe kóòṣì. Wọ́n mọ̀ pé AS ni. Mo tẹ lẹ́tà náà jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé ọmọ ogún ọdún kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì ní Pennsylvania kú lẹ́yìn Kòrónà, pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló wọ ọkàn rẹ̀, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Iléèwé ọmọ yẹn ò tiẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí. Ó gbọ́ mi tán, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní òun ṣì fẹ́ ṣe é. Mo fi sílẹ̀. Inú mi ò dùn sí i, mi ò sì ní purọ́ pé ó dùn.

Kì í wálé mọ́, òun ló ń fọ aṣọ ara rẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú ti ṣí ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 5 oṣù yìí, màmá mi ti rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó wá dúró sí òdìkejì títì, wọ́n ki í ní oríkì láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo oríkì náà, títí mọ́tò fi dé.

Lánàá, orí tẹlifíṣọ̀n la ti wò ó. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣubú, mò ń kà títí á fi dìde.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (27 oṣù kẹsàn-án)

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n mi. Tòwúrọ̀ òní ńkọ́?

Ìyá Àkọ́bí (27 oṣù kẹsàn-án)

Ó pè ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó ṣe ń ṣe láràárọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìdérí rẹ̀. Ó fà á símú, ó húkọ́ díẹ̀. Àyà mi já. Ó ní, "Rárá, Mummy, róòbù náà ló ta mí nímú."