Èmi àti lámilámi létí omi Ọpa

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń sọ ìtàn bí ẹ ṣe ń wo lámilámi, èmi náà rèé pẹ̀lú tèmi.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní àdúgbò Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀, òwú la fi máa ń so lámilámi nídìí, a ó wá máa mú un fò kiri bíi báálù. Ìyá àgbà á ní ká tú u sílẹ̀, pé omi ni tirẹ̀ ń lá kiri, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́ títí èmi náà fi di bàbá ọmọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé fóònù mi lọ sí dáàmù tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọpa tó fi di adágún. Mo ya àwòrán bí ọgọ́ta lọ́jọ́ náà. Koríko ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ̀dá tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí rẹ̀, tó ń dúró sójú kan lófuurufú, tó tún lè fò sẹ́yìn, báwo ni màá ṣe sáré bá a?

Bàbá kan tó ń tú àwọ̀n ẹja ló ṣàánú mi. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń lé kiri bí ẹni tó sọ owó nù? Igi tó bà lé yẹn, lọ jókòó tì í. Á padà wá."

"Ẹ ṣé, Bàbá." Ká sòótọ́, mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo ṣáà jókòó. Kò pẹ́ tí ọ̀kan tó pọ́n bí ata rodo fi bà sórí igi náà. Ó fò, ó gbá kòkòrò mú, ó tún padà síbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ló wà lójú fóònù mi dòní.

Láti ìgbà náà, kùtùkùtù ni mo ń lọ, kí oòrùn tó yá wọn lára. Mi ò sì jẹ́ kí òjìji mi bọ́ lé wọn lórí.

Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa ìyẹ́ dé bí wọ́n bá bà. Mo ti rò pé ọmọ lámilámi ni wọ́n. Rárá o, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti dàgbà. Inú omi ni ọmọ lámilámi ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn.

Ọjọ́ kan wà tí àyà mi já. Àwọn kan tó ní àmì dúdú lára ìyẹ́ ń tẹ̀ lé mi. Mo rìn, wọ́n bá mi lọ. Mo dúró, wọ́n bà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ti ń ronú ẹni tí mo ṣẹ̀! Àṣé ẹsẹ̀ mi ló ń lé kòkòrò wẹ́wẹ́ jáde nínú koríko, tí wọ́n fi ń rí jẹ.

Nígbà tó yá ni mo wá ká ọ̀kan mọ́ ibi tó ti ń "lá omi". Mo gbà á sórí fídíò. Kò fẹnu kan omi rárá, ìdí ló ń tì bọ̀ ọ́, ó ń yé ẹyin. Mo gbé e lọ bá Ìyá àgbà. Wọ́n sún fóònù mọ́jú, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí, "ìdí ló fi ń lá a nígbà náà."