‘Orin ìyẹ̀wù’ kò bá a mu: àbá mi lórí orúkọ eré olórin díẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bí a ṣe lè fi Yorùbá kéde sáà eré ọdọọdún ẹgbẹ́ bíi Buffalo Chamber Music Society, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, ní ọdún 1924, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti máa pe àwọn ọ̀jáfáfá olórin wá ṣeré fún àwọn ará ìlú. Orúkọ mẹ́ta ni àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi dá lábàá fún irú orin náà, ìyẹn chamber music, orin tí eléré díẹ̀ ń ṣe pọ̀ (yàrá ni chamber): orin ìyẹ̀wù, orin yàrá àti orin ààfin. Mo kí wọn kú làálàá, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí èyí tí ó kún ojú òṣùwọ̀n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Yàrá tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ilé, tí àlejò kì í dédé wọ̀, ni Yorùbá ń pè ní ìyẹ̀wù. Ibẹ̀ ni à ń sùn, ibẹ̀ ni à ń tọ́jú ohun iyebíye sí, ibẹ̀ náà sì ni Bíbélì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà wọ̀, kí ó sé ilẹ̀kùn, nínú Mátíù 6:6. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘orin ìyẹ̀wù’ yóò rò pé orin tí ènìyàn ń dá kọ sí ara rẹ̀ létí ni, tàbí, kí ẹ má bínú, orin tọkọtaya. Yàrá tí àwọn ará Ítálì fi sọ orin yìí lórúkọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún kì í ṣe ibi ìkọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ilé àwọn ọlọ́lá ni ó wà, wọ́n sì ń gba àlejò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ náà yà sọ́tọ̀ ni orin tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í sì í ṣe ti ilé ìṣeré. ‘Orin yàrá’ sàn díẹ̀, àmọ́ kò ta ẹni tí kò mọ ìtàn yẹn lólobó ohunkóhun.

Ìtàn gbe ‘orin ààfin’ lẹ́yìn, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìdílé ọlọ́lá Esterházy, tí Joseph Haydn, ọ̀jáfáfá tí ń kọ orin sílẹ̀ fún eléré, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1761, ni ó ti sọ irú orin yìí di ńlá. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ààfin, orin sì wà níbẹ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ Haydn. Ẹ sọ ‘orin ààfin’ fún ọmọ Ọ̀yọ́, kàkàkí àti gbẹ̀du ni yóò máa dún létí rẹ̀, kì í ṣe fayolín. Orúkọ náà ti ní ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe orin yìí ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́. Ní Buffalo gan-an, abẹ́ òrùlé kan náà, ìyẹn Kleinhans Music Hall tí wọ́n ṣí ní 1940, ni Buffalo Philharmonic, ẹgbẹ́ eléré ńlá ìlú náà, ti ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ńlá, tí ẹgbẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sì ń lo gbọ̀ngàn kékeré tí wọ́n ń pè ní Mary Seaton Room. Bí eléré mẹ́rin tí ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn kékeré yẹn bá kó lọ sí gbọ̀ngàn ńlá lọ́la, orúkọ orin wọn kò ní yí padà. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń bójú tó ìlà orin kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sábà sí adarí tí ó dúró níwájú wọn. Ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tí ó lókìkí jù ni ti fayolín méjì, fiyólà kan (tí ó tóbi ju fayolín lọ díẹ̀) àti sẹ́lò kan (tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù láàrin wọn). Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i tí ẹni tí ó mú fayolín kìíní á gbé orí díẹ̀, á mí kanlẹ̀, gbogbo wọn á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀kan á sọ, èkejì á dá a lóhùn, ẹ̀kẹta á já lu ọ̀rọ̀ wọn. Goethe, akéwì Jámánì, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1829 pé ṣe ni ó dà bí ẹni pé a ń gbọ́ bí àwọn olóye mẹ́rin ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá ‘orin àjọsọ’. Mo mọ̀ pé a máa ń lo àjọsọ fún àdéhùn, tí a fi ń wí pé ‘àjọsọ wa kọ́ nìyí’, ṣùgbọ́n bí orin bá ti ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣì í mú. Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé dùndún náà kì í ṣe àjọsọ ni. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn yòókù ń gbè é. Nínú iṣẹ́ Haydn àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, sẹ́lò pàápàá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ.

‘Àjọlù’, tí ẹnì kan dábàá fún ìṣeré náà, ni n kò lè gbà láéláé. Ìlù ni à ń lù. Fífọn ni à ń fọn fèrè. Títẹ̀ ni à ń tẹ dùùrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olókùn ni dùùrù inú Sáàmù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gba gbogbo wọn ni ‘ṣeré’, tí àwọn onijùjú àti onífújì ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ‘eré orin àjọsọ’ ni kí a kọ.

Ní ti ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, ‘ẹgbẹ́ olórin’ yóò ṣi ènìyàn lọ́nà, ‘ẹgbẹ́ akọrin’ sì ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì. MUSON (Musical Society of Nigeria) tí ó wà ní Oníkan ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ní akọrin àti eléré tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti Buffalo, pípè ni wọ́n ń pe eléré wá. ‘Ẹgbẹ́ olùfẹ́ orin’ tọ́ sí wọn. ‘Sáà’ kò ní wàhálà: àwọn oníròyìn bọ́ọ̀lù ti fi kọ́ wa pé sáà lè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan kí ó parí ní èkejì. ‘Kíláásíkà’, tí a yá láti ara ‘classical’, ni kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é ní ‘orin òyìnbó’ ti gbàgbé Fẹlá Ṣówándé, Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ irú orin náà.

Ó ku orúkọ fún àwọn ìpín inú iṣẹ́ orin kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, tí àwọn olùgbọ́ kì í pàtẹ́wọ́ láàrin wọn. ‘Ẹsẹ’ ti bá ewì àti Bíbélì lọ, ‘ìdánudúró’ sì ni ẹnì kan mú wá. Abala ni mo fara mọ́. Beethoven, ọ̀jáfáfá olórin Jámánì, ní iṣẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ opus 131, tí ó ní abala méje tí wọ́n ń ṣe láìdánudúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju abala lọ, kí ó kọ́kọ́ dán an wò lórí iṣẹ́ yẹn kí ó tó gbé e wá.