Àìtó ẹ̀jẹ̀, ọ̀dá irin, àhámọ́ irin: èsì sí àbá ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá ni mo ń fèsì sí. Wọ́n ní kí á pa “àìtó ẹ̀jẹ̀” tì gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní anaemia, kí á máa lo “àìlẹ́jẹ̀lára”, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì rọrùn láti kọ sínú ìwé ìṣègùn. Àwọn tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ni àwọn tó ní ìfun wíwú ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìyẹn àrùn Crohn àti egbò ìfun ńlá, nítorí pé wàhálà ẹ̀jẹ̀ kì í jìnnà sí wọn. Ẹlòmíì tún dá sí i pé “ẹ̀jẹ̀ lílọsílẹ̀” ló yẹ kí á máa pè é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, àmọ́ n kò lè bá wọn débẹ̀.

Ti ẹnìkejì kò le. “Ẹ̀jẹ̀ ríru” ti jẹ́ orúkọ ìfúnpá gíga tipẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ “ẹ̀jẹ̀ lílọsílẹ̀” yóò rò pé ìfúnpá ló relẹ̀. Òòyì lè kọ́ni nínú méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú wọn.

“Àìlẹ́jẹ̀lára” ńkọ́? Ẹ tú u wò: àì, ní, ẹ̀jẹ̀, ní, ara. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ lára, òkú ni. “Àìtó” sàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní àléébù tirẹ̀: ó ń mú kí èèyàn rò pé iye lítà ẹ̀jẹ̀ ló dín kù. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n níbi àyẹ̀wò ni hẹmoglóbìn, èròjà pupa tó ní irin nínú, tó sì ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bó bá ti dín sí gíráàmù 13 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan (ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà) lára ọkùnrin, tàbí 12 lára obìnrin tí kò lóyún, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ lè kún iṣan dáadáa kí hẹmoglóbìn inú rẹ̀ má tó nǹkan. Síbẹ̀, “àìtó ẹ̀jẹ̀” ti mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé gbogbo ara rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kó wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbogbòò.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohun tí a máa fi tẹ̀lé e, nítorí pé lára àwọn tí ìfun wọn wú, ó kéré tán, ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ fi ń di aláìtó, ọ̀kan kò sì jọ èkejì.

Ọ̀nà kìn-ín-ní kò ṣòroó lóye. Ojú egbò inú ìfun ń ṣẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò lè rí i nínú ìgbẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde ni irin ń bá a lọ. Ìwọ̀n mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ara ń rí gbà lóòjọ́ láti inú oúnjẹ, nítorí náà kò pẹ́ tí èyí tó ń jáde yóò fi ju èyí tó ń wọlé lọ. Fún èyí, mo dábàá “ọ̀dá irin”. A ti ní ọ̀dá owó, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọ̀dá dá kò ní nǹkan náà rárá, tàbí kó ní ín díẹ̀ tí kò lè gbé e débì kan.

Ẹ̀gbọ́n, níbi ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kí ẹ ti bá mi dúró díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Bó bá gbó, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbálẹ̀ ara á gbé e mì, wọ́n á yọ irin inú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀ kí mùdùnmúdùn inú egungun lè fi ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfun bá wú, ara ń ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ hẹ́písídìn. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ fi hàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́: á so mọ́ férópọ́tìn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí irin ń gbà jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, á sì mú kí sẹ́ẹ̀lì náà ba ilẹ̀kùn ọ̀hún jẹ́. Irin wà nínú ara, ọ̀nà àbájáde ni kò sí. Owó wà ní báńkì, báńkì ló tilẹ̀kùn.

Ẹnikẹ́ni tó bá pe èyí ní ọ̀dá ti parọ́ mọ́ ọn. Àhámọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní àhámọ́ ti rùn ọlọ́pàá jù. Òórùn yẹn gan-an ni mo ń wá! Ara kò ṣèèṣì sọ irin nù. Ó mọ̀ọ́mọ̀ há a mọ́ ni, torí pé àwọn kòkòrò àrùn pẹ̀lú nílò irin kí wọ́n tó lè pọ̀ sí i. Pé kò sí kòkòrò kankan tí wọ́n ń bá jà nínú àrùn Crohn kò yí ọwọ́ tí ara ń lò padà.

Ní ti férítìn, tí ẹ̀gbọ́n pè ní “òṣùwọ̀n irin ara”: ọ̀rọ̀ yẹn léwu. Férítìn ni èròjà tí ara ń kó irin pamọ́ sínú rẹ̀, wíwú sì máa ń mú kó gòkè fúnra rẹ̀. Lára ẹni tí ìfun rẹ̀ ti rọlẹ̀, kó tó di pé a ní irin ti tán, àyẹ̀wò yóò wá sísàlẹ̀ máíkírógíráàmù 30 nínú lítà kan. Lára ẹni tí tirẹ̀ ṣì ń wú, ìlànà tí ECCO, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn Crohn àti egbò ìfun ńlá ní Yúróòpù, gbé jáde ní 2015 sọ pé ó lè tó 100 kí irin má sì sí nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “òṣùwọ̀n” rẹ̀ dára yóò lọ sílé pẹ̀lú ọ̀dá irin lára. “Àká irin” ni kí á pè é. Àká lè dúró ńlá kí oúnjẹ inú rẹ̀ má tó nǹkan.

Ọ̀dá àti àhámọ́ sì sábà máa ń pàdé lára ẹnì kan náà. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ọ̀kan gbé èkejì mì nínú ìwé atúmọ̀.

Ti fítámì B12 kò gba àríyànjiyàn: ìparí ìfun kékeré ni ara ti ń gbà á, ibẹ̀ náà ni àrùn Crohn fẹ́ràn jù, àwọn tí wọ́n bá sì gé ibẹ̀ kúrò fún lè wà láìní in. “Ọ̀dá B12” ti tó.

Ẹnì kan bi mí ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ló dé tí a kò kàn pe ìfun wíwú ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí ní ìgbẹ́ ọ̀rìn, níwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ìgbẹ́. Kòkòrò ló ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, ó sì máa ń tán. Èyí kì í tán. Á rọlẹ̀, á tún ru. Jẹ̀díjẹ̀dí tiẹ̀ tún burú jù, torí pé abẹ́ orúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìlọ ṣàyẹ̀wò.

Ó ku orúkọ oògùn. Irin oníhóró, tí mo fẹ́ pè ní “irin àgbémì”, wúlò nígbà tí ìfun bá rọlẹ̀ tí àìtó ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí ìfun bá ń wú, hẹ́písídìn ti ti ilẹ̀kùn ìfun pẹ̀lú. Èyí tí kò ráyè wọlé á máa rìn gbéregbère nínú ìfun, á kó èébì báni, á sì sọ ìgbẹ́ di dúdú, tí aláìsàn á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀, tàbí bí hẹmoglóbìn bá ti dín sí 10, inú iṣan ni wọ́n ń fi irin sí. “Irin àfàsíṣan” ni mo rí fún un. Ohun tí n kò fẹ́ ni “fífa ẹ̀jẹ̀ sára”, tí mo ti rí tí àwọn kan ń kọ fún un. Omi irin náà dúdú díẹ̀, ó pọ́n bíi kọfí, ẹni tó bá rí i lórí òpó yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ fà sí òun lára, àwọn kan sì wà tí wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ rárá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, kí lẹ máa ń sọ fún aláìsàn kí ẹ tó gbé e kọ́?