Àwọn tí kì í sáré, tí wọ́n ń wá bá wa jẹ àmàlà: kí ni ká ṣe sí i?

Akápò_Ajílété
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ bá èèyàn jà.

Ẹgbẹ́ asáré kan wà níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, èmi sì ni akápò. A ò wá ife-ẹ̀yẹ kankan o. Télọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ LAUTECH náà wà níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, a ó pàdé ní Stadium, a ó sáré kìlómítà 5. Òfin kan ṣoṣo tí a ní ni pé bí o bá ń sáré tí o ò lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, o ti sá a jù. Bí a bá parí, ó di ọ̀dọ̀ ìyá alámàlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá yìí díẹ̀. Láfún ni tiwọn, funfun báláú. Ìgbà tí wọ́n bá gbúròó ẹsẹ̀ wa lọ́nà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ki omorogùn bọ ìkòkò, kó má bàa tutù dè wá. Wọ́n á bù ú sínú abọ́, wọ́n á da gbẹ̀gìrì lé e, ewédú á tẹ̀ lé e, wọ́n á wá ta ọbẹ̀ ata sí i láàárín. Mo mọ̀ pé èyí ò kan ìbéèrè mi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí oúnjẹ náà ṣe rí kò lè mọ ohun tó ń bí mi nínú.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn wá. Wọ́n á wọ bàtà eré, wọ́n á fi tówẹ̀lì kọ́ ọrùn, kò sì sí òógùn kankan lára wọn. A ò tíì fọwọ́, wọ́n ti jókòó. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí a pẹ́! Òótọ́ ni pé wọ́n ń dá owó oúnjẹ tiwọn, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹgbẹ́ asáré la ṣì jẹ́ ni, àbí ẹgbẹ́ alámàlà? Ṣé kí n lé wọn ni?

Bàbá_Ọjà_Igbó
Ọmọ mi, má lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n dáwó àbí wọn ò dá? Ó parí. Ti òkùnkùn ló ń kọ mí lóminú ní tèmi. Tí aago méje bá ti lù, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn, ọ̀kadà míì kò sì ní iná lójú. Ẹ máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ tí ẹ bá ń sáré, ẹ má kẹ̀yìn sí i, ẹ sì wọ aṣọ funfun.

Ọmọ_UnderG
Ẹ má bínú o, Bàbá, èmi ní kí wọ́n lé wọn. Ẹran ni kì í tó. Ẹni tó bá sáré dé kẹ́yìn, egungun ló ń bá.

Nọ́ọ̀sì_Sábó
Bùrọ̀dá akápò, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo bi yín pé kí ló dé tí ẹ pẹ́. Orúnkún mi ò gba eré, ẹ sì mọ̀. Ta ló ń bá yín gbé báàgì àti omi sórí ọ̀kadà yẹn? Tówẹ̀lì tí mo fi kọ́ ọrùn ńkọ́, ti ta ni?

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti pè mí jáde, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ẹ máa mu omi kí ẹ tó tọwọ́ bọ ọbẹ̀. Oúnjẹ yẹn dáa fún asáré: okun tí ẹsẹ̀ ti lò ni láfún ń dá padà, ẹ̀wà inú gbẹ̀gìrì àti ẹran sì ń tún iṣan ṣe. Àmọ́ òkèlè ńláńlá tí ẹ ń gbé mì nígbà tí èémí yín ò tíì balẹ̀, òun ló ń fa inú rírun tí ẹ máa ń fi pè mí lóru.

Ará_Ọ̀yọ́
Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ Under G wá nǹkan ṣe sí ti egungun yẹn. Ní 1938, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan ní Kuala Lumpur dá ẹgbẹ́ asáré ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀, Hash House Harriers. Ìnagijẹ ilé oúnjẹ wọn ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ, nítorí náà ti yín kọ́ ni àkọ́kọ́. Ó ti kárí ayé báyìí, ó dé Nàìjíríà náà. Ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ da ìyẹ̀fun sílẹ̀ láti fi sàmì ọ̀nà, á sì sàmì ẹ̀tàn síbòmíì. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá á ṣìnà, wọ́n á padà, àwọn ẹ̀yìn á ti bá wọn. Gbogbo yín á jọ dé ìdí abọ́ ni. Ẹ̀yin tí láfún sì pọ̀ lọ́dọ̀ yín báyẹn, ìyẹ̀fun wo lẹ tún fẹ́ rà?

Akápò_Ajílété
Àǹtí nọ́ọ̀sì, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Bàbá, a ti gbọ́ ti aṣọ funfun, ẹ ṣeun sà.

Mi ò ní lé èèyàn mọ́. Ẹran méjì méjì ni láti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó sáré àti ẹni tó gun ọ̀kadà. Ti ìyẹ̀fun yẹn wù mí gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó máa lọ sọ fún ìyá alámàlà pé a fẹ́ da láfún sí títì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.